Àwo Òyìnbó Pákó

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo lérò pé ara rẹ yá gágá, àti pé ọmọ rẹ obìnrin tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ bó ti yẹ. Èmi àti ìyàwó mi wà láàyè, a ò tiẹ̀ tíì jà lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ àwo orin rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, orin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin onírun gígùn kọ nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ayùn. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ la pákó, kò sì sí ọjọ́ Ajé kan tí o kì í ròyìn àwo yẹn fún mi. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Òyìnbó Pákó. Mo ní ariwo ayùn kò tó ọ, o tún ń ra tìrẹ lọ sílé. Gbogbo ilé ìlagi gba orúkọ náà lẹ́nu mi.

Nígbà tí ayùn wá dí ọ létí pátápátá, mo ṣe ohun kan tí o kò mọ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ tí a dágbére fún ọ, èmi ni mo ní kí o gbé àwo àti gírámáfóònù rẹ wá síbi iṣẹ́, kí gbogbo wa lè bá ọ gbádùn rẹ̀. O gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí tí ohùn ń gbà jáde, o di ojú, o ń mi orí. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti yọ wáyà àpótí náà. Àwo ń yí, ṣùgbọ́n ìró kankan ò jáde. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. O la ojú, o rí omijé wa, o ní, “Mo sọ fún yín, ẹ ò gbà mí gbọ́.” Ìwọ náà wá ń bá wa rẹ́rìn-ín. O fi àwo náà lé mi lọ́wọ́, o ní ó ti yé mi báyìí, kí n máa mú un lọ.

Mo fi páálí rẹ̀ bo garawa omi fún ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, òjò ká mi mọ́lé, rédíò sì ti bàjẹ́. Mo nu àwo náà, mo gbé e sórí gírámáfóònù ìyàwó mi. Ojú kìíní rẹ̀, ariwo lásán ni, bí mo ṣe máa ń wí. Ṣùgbọ́n ní ojú kejì, jìtá kan dá nìkan ké bí ayùn tó kan kókó igi, ó wá rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Onílù dá ọwọ́ dúró. Èyí tó ń kọrin wá bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò yé mi, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tí ó ń pè kò ní dá a lóhùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi fi mí ṣẹ̀sín títí, kí òun náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé, “Ta ló ń fọn fèrè ní ìparí yẹn?” Èmi ò gbọ́ fèrè kankan. A tún un gbé sí i. Ó ń fi ìka tọ́ka, pé òun nìyẹn, òun nìyẹn. N kò gbọ́.

Dókítà ní ayùn ni. Etí òsì ti lọ, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e, kò sì sí oògùn.

Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó lè dá mi lóhùn. Nígbà tí etí bá dí tán, ṣé orin máa ń ṣẹ́ kù sínú orí? Lọ́jọ́ yẹn tí o ń mi orí, ṣé o ń gbọ́ ọ lóòótọ́, àbí o kàn ń ṣe é nítorí tiwa?

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí ó fi àwọn tí ọkàn wọn dára ju tèmi lọ yí ọ ká.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí a jọ di ayùn mú.

Àfikún: Mo ti fi pépà wé àwo náà kí n lè fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo tún ti tú u. Má bínú, ó wúlò fún mi ju fún ọ lọ báyìí.