Ẹnu Tí Mo Yá Màmá Àgbà

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ọjà Karmo,
Àbújá.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Mùfúlíátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Ìlọrin? Ṣé ara le? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá rẹ ńkọ́, àti àwọn ìbejì tó máa ń jí bírò mi? Mo mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ wà dáadáa, torí Mùbárákù, ọmọ àdúgbò yín, sọ fún mi pé o ti sanra débi pé wọ́n ní láti fẹ ẹnu ọ̀nà ilé yín sí i. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Gbogbo wa níbí ń mí. Iná kò sí, omi kò sí, ṣùgbọ́n ariwo wà, nítorí náà Karmo ṣì ni Karmo.

Ìròyìn Màmá àgbà tí o bèèrè gùn ju ohun tí mo lè fi fóònù tẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé bí àwọn àgbàlagbà.

O mọ bí ẹnu Màmá ṣe rí. Ní gbogbo ọjà Wuye, kò sí aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú tó tiwọn. Bí oníbàárà bá ní aṣọ fún òun, wọ́n á ní, “Aṣọ kò fún, ìwọ lo jẹun kọjá ìwọ̀n.” Onítọ̀hún á sanwó, á gba èébú, á sì tún kó aṣọ mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lóṣù Keje ọdún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún dákẹ́, ẹnu náà dákẹ́. Gbogbo ohun tí a ń sọ ni wọ́n ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Èmi wá di ẹnu wọn. Bí àlejò bá ní, “Màmá, ara ńkọ́?” èmi á ní, “Ara ti ń le.” Bí dókítà bá bèèrè ibi tó ń dùn wọ́n, èmi á tọ́ka sí i. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé mo lè dáhùn kí wọ́n tó bèèrè tán.

Ìgbà náà ni ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì darí wa sí yàrá iṣẹ́ kan ní yunifásítì kan níbí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kọ̀ fún. Ó yẹ kí o rí ibẹ̀. Ẹsẹ̀ oníke tò sórí pẹpẹ bí ẹni pé àwọn tó ni wọ́n fò lọ sí ọ̀run. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rosemary ni ọ̀gá wọn, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Nehemiah ni ẹnjiníà, ọmọ Kàdúná, tí Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Àǹtí Mùlíkàt, ọmọ Ọ̀ffà, ló ń ran àwọn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu lọ́wọ́. Sùúrù obìnrin yìí pọ̀ débi pé bí ìgbín bá ń bá a rìn, ìgbín ni yóò máa sáré.

Wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó dà bí fóònù tó fẹ̀, àwòrán kún ojú rẹ̀. Bí o bá tẹ àwòrán ife, yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mu omi.” Bí o bá tẹ bẹ́ẹ̀dì, “Ó rẹ̀ mí.” Ohùn ọkùnrin kan ni, bí ẹni ń ka ìròyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà kò pọ̀: bí Màmá bá ń lò ó, ó di tiwọn; bí wọn kò bá lò ó, olùkọ́ kan ní Galadimawa tí òun náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ló kàn. Màmá gbé e sórí tábìlì, wọ́n ju aṣọ bò ó bí ẹni bo ìkòkò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù bà mí. Mo sì ti gbọ́ pé ẹ̀rọ náà máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n Karmo bá dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo tẹ ife omi títí ìka mi fi fẹ́ já bọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà sí yàrá iṣẹ́ náà, Nehemiah so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó wo Màmá, ó tún wò ó. “Kai,” ó ní. “Wákàtí kan, Màmá bèèrè omi nígbà ọgọ́sàn-án. Odò Ọya ti gbẹ.”

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; tèmi, ìka ni. Mo jẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo, ó kàn rán mi létí pé olùkọ́ kan ń dúró ní Galadimawa. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Àǹtí Mùlíkàt ló bi mí ní ohun tí n kò retí: “Ìfẹ́olúwa, kí ara wọn tó dá wọn dúró, kí ni Màmá máa ń sọ?”

“Èébú ni, mà.”

“Kà á fún mi.”

Mo bá bẹ̀rẹ̀. “Ta ló gé aṣọ yìí, ṣé eku ni?” “Ojú rẹ tóbi, o kò sì rí abẹ́rẹ́.” “Tú u, kí o tún un rán,” èyí tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ wọn nígbà ẹgbẹ̀rún lójúmọ́. “Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá kí mi?” fún ẹnikẹ́ni tó bá pè wọ́n lórí fóònù. Mo sọ pé wọn kì í sọ pé “Ẹ káàárọ̀” bí ẹ̀rọ yẹn. “Òkun” la fi ń kíni nílé wa lápá Lọ́kọ́ja, wọ́n sì fi ń kí ọba àti ewúrẹ́. Bí mo ti ń kà á lọ, èjìká Màmá ń mì. Mo rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni. N kò rí i láti oṣù Keje.

Àǹtí Mùlíkàt yíjú sí Nehemiah. “Ọ̀rọ̀ aláìsàn nìkan la kó fún wọn. Ta ló fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ṣe aláìsàn?”

“Bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe,” Nehemiah fèsì, ó ń họ orí.

Wọ́n bi Màmá pé ohùn ta ni kí àwọn fi sí i. Màmá na ìka òsì sí mi.

Odidi ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi wà nínú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ẹyin lè jinná níbẹ̀. “O ń sáré,” Nehemiah á ní. “Tún un sọ.” Àǹtí Mùlíkàt fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí n kò kà fún un: “Dákẹ́, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.” Mo rò pé Bọ̀dá Diméjì ló wà fún, àbúrò bàbá mi tó máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, nítorí náà mo fi gbogbo agbára mi sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, Nehemiah gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà kò jáwọ́: bí wọ́n bá ti ń wá àwòrán, èmi á ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ìjẹta, Ọjọ́bọ̀, ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó níwájú Màmá, Àǹtí Mùlíkàt sì ń túmọ̀: “Màmá, ṣé kí ẹ̀rọ yìí wà lọ́dọ̀ yín, àbí kí a gbé e fún ẹlòmíràn?”

Kò tíì pa ẹnu dé tí mo ti ní, “Wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kódà wọ́n…”

“Dákẹ́, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.”

Mùfúlíátù, ohùn mi ni. Èmi ni mo pa ara mi lẹ́nu mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé mo máa rí ẹlòmíràn níbẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ wò mí, àwòrán ni wọ́n ń wá.

Ó pẹ́. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi kọ́ afárá dé Lọ́kọ́ja. Ọwọ́ ń yún mi, mo bá jókòó lé méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí Àǹtí Mùlíkàt ṣe ń dúró. Kò mi orí, kò tọ́ka, ó kàn ń wo ojú Màmá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń rò ó pé láti oṣù Keje, ta ló ti dúró de Màmá báyìí nínú ilé wa? Èmi tí mo pe ara mi ní ẹnu wọn, n kò dúró rí.

Ìka òsì sọ̀kalẹ̀. “Tú u, kí o tún un rán.”

Ojú Nehemiah rẹ̀wẹ̀sì. “Wọn ò fẹ́ ẹ,” ó ní, ó sì nawọ́ láti gbé e. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, wọ́n fa ẹ̀rọ náà mọ́ àyà. Àǹtí Mùlíkàt bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé aṣọ tí èèyàn kò ní wọ̀, kì í ní kí wọ́n tún un rán. Tiwọn ni, kò kàn tíì bá wọn lára mu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Nehemiah sọ pé ẹ̀rọ mìíràn tí òun ń tún ṣe yóò dé Galadimawa kí oṣù yìí tó parí, àwọn yóò sì kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé olùkọ́ náà pé kí ni ó máa ń sọ.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá rẹ dáadáa, kí o sì fa etí àwọn ìbejì fún mi. Mo ti bi Màmá àgbà pé kí ni kí n kọ sí ọ. Ìka wọn ṣì wà lókè, ìrẹsì sì ti ń jóná lórí iná, ṣùgbọ́n n kò ní bá wọn wá a.

Wọ́n ti rí i. Wọ́n ní: “Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá kí mi?”

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í parọ́ ju bó ṣe yẹ lọ,

Ìfẹ́olúwa