Ìdajì Afárá Tí Wọn Kò Kùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tí ẹ ń gbé gbà yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ níbi tí oúnjẹ yín wà. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò jẹ́ kó sùn, tí ó sì ń torí rẹ̀ bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo fi ìrora síbẹ̀.

Ṣé o rántí afárá wa? Wọ́n ti kùn ún. Àárín rẹ̀ gan-an ni ààlà ìjọba ìbílẹ̀ wa àti ti àwọn ará òdìkejì, nítorí náà ìdajì tiwọn ni wọ́n kùn, funfun báláú, tiwa sì ń dípẹtà lọ. Títì ọlọ́dà wọn náà parí síbẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n ní ilé ìwòsàn tuntun, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, àti àga onítìmùtìmù fún àwọn tó ń dúró. Iná ojú títì wọn ń tàn lọ́sàn-án gangan, ta ni ó ń tàn fún? Ìyá rẹ ní kí n yé lọ máa wò wọ́n, pé ìlara ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Mo ní mo kàn ń nasẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń nasẹ̀ débẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni Akọ̀wé Gígùn, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gba iṣẹ́ akọ̀wé owó orí lọ́jọ́ kan náà, èmi fún ìlú wa, òun fún tiwọn. Ó jókòó gẹlẹtẹ lórí tìmùtìmù náà, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé mo wá kí àwọn olówó ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Iye kan náà ni àwa àti wọn ń san fún owó orí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá ka ènìyàn pé kí ló dé tí àwa kò ní nọ́ọ̀sì kankan. Ó ní iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín in, ó gbọ́dọ̀ pé igba, ènìyàn mẹ́rìnlélógójì ló sì wà nínú ìwé fún ìlú wa. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, pé àwọn tó ń bá òun jà nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàláà dúdú kan ló gbé lọ́wọ́, bíi síléètì tí mo fi kọ́ ọ ní ABD, ó ń dojú rẹ̀ kọ olúkúlùkù. Nígbà tí mo rí i pé ohun tí wàláà náà bá rí ló ń kà, mo sáré tú gbogbo fọ́tò ara ògiri, tìrẹ, ti ọkọ rẹ, ti àwọn ọmọ, mo tò yín sórí bẹ́ǹṣì níta, mo nu eruku ojú yín. Ó wò yín títí, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń mí nìkan ni òun lè kà. Mo ní ẹ̀ ń mí, ọ̀nà ló jìn. Ó ní ìlú tí ẹ ń gbé ni wọ́n ti máa kà yín, ibẹ̀ náà sì ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ ń lọ.

Ọmọ mi, n kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo san owó ilé ìwé rẹ. Ìlú yẹn kò mọ ọjọ́ tí eyín rẹ hù, òun ló wá ń jẹ owó orí rẹ, tí yóò fi ra gílóòbù! Jọ̀wọ́, lọ bá akápò ibi iṣẹ́ yín, sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó má fún wọn ní ti oṣù yìí, kó kó o fún ọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, èmi yóò fà á lé ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ́wọ́. Kó má fòyà, ìwé rìsíìtì kan ṣẹ́kù sọ́wọ́ mi láti ìgbà iṣẹ́, èmi yóò já ọ̀kan fún un. Kí o sì fi owó díẹ̀ lé e fún ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àwọn èèyàn yẹn.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà. Èmi ni mo kọ mẹ́rìnlélógójì yẹn. Nígbà ayé iṣẹ́ mi, iye ènìyàn inú ilé ni wọ́n fi ń bu owó orí. Ilé tó ní ènìyàn mọ́kànlá, mo kọ méjì. Wọ́n ń pè mí ní Aláàánú, wọ́n ń fa adìẹ wá, mo sì ń gbà á. Akọ̀wé Gígùn kọ iye tó rí, àwọn ará ìlú rẹ̀ kò kí i fún ọdún méjì. Ìwé tèmi ni wọ́n ń dà kọ títí di òní.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ náà níṣojú gbogbo ìlú. Ìyá rẹ fi orúnkún náà dìde, ó wọlé lọ láìwẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà ní kí ẹni tí kò sí nínú ìwé wá tẹ àtàǹpàkò kí oṣù tó parí. Àádọ́jọ ti tẹ̀ ẹ́, ó ku mẹ́fà kí a tó pé igba. Àwọn tó kù ń sá fún owó orí, bí mo ṣe kọ́ wọn. Mo ń kanlẹ̀kùn wọn láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò lè tún ṣe. Ní ọdún tí a bí ọ, mo kọ síwájú orúkọ ara mi pé kò sí ọmọ. Ìlú tí ẹ ń gbé, tí mo ń jowú rẹ̀ yẹn, ló kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ pé o wà.

Bí inú bá ń bí ọ, má tètè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Kí Ọlọ́run, tí kì í dín ẹnikẹ́ni kù nínú ìwé tirẹ̀, pa ọ́ mọ́.

Èmi ni, bàbá tó bí ọ.