Òkúta Méjì Lórí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mùkáílà

Agbolé Sàlámì,
Pákò, Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1971.

Mùkáílà Àlàó, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba tó yọ mí lọ́jọ́ tí mo bí ọ yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀, o ò ní bá irin jà, irin ò ní bá ọ jà. Àmín. Èmi náà wà, àbúrò rẹ Rùkáyàt wà, ewúrẹ́ dúdú tí o mọ̀ ti bí méjì, ọ̀kan kú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí mo ti dé ìwé kejì ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, Tíṣà Ọláníyì sì ní ọwọ́ mi ti ń tọ́, nítorí náà bí o bá rí ibi tó wọ́, kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Orí ẹ́ńjìnnì tí o fi rán Akínladé onímọ́tò dé láyọ̀. Inú àpò ìrẹsì ló gbé e sí, ó ní òun ò jẹ́ kí èrò kankan fi ẹsẹ̀ kàn án láti Èkó, òun náà ló sì bá mi dè é kó tó lọ. Mo ka lẹ́tà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ẹ́ńjìnnì tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ yìí, tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn àti epo tó kún agolo mẹ́fà ló máa ń fún pọ̀ wọ inú agolo kan kí iná tó ṣẹ́ sí i, pé ìdí nìyẹn tí kò fi lágbára. O ní o ti ha ìdí orí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, àyè inú rẹ̀ ti dín, agolo mẹ́sàn-án ni yóò máa fún wọ inú agolo kan báyìí. Ó yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti ń ta gàrí lọ́jà Tápà, n kò tíì rí ẹni tó fún kóńgò mẹ́sàn-án wọ inú kóńgò kan, bí mo bá sì rí i, n kò ní jẹ́ kó bá mi tajà, nítorí àwọn oníbàárà nìkan ni yóò jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ.

O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé epo súpà ni kí n máa rà ní ilé epo, kí n má ra èyí tí gbogbo ayé ń rà, nítorí orí tí o ha yìí ò gba epo yẹpẹrẹ, pé bí n kò bá rí súpà kí n tètè ránṣẹ́ sí ọ. Mo lọ sí ilé epo kan ní Èrúwà. N kò lọ bí òmùgọ̀ o. Mo kọ́kọ́ dúró lábẹ́ igi, mo wo ibẹ̀ dáadáa. Pọ́ǹpù méjì ló dúró síbẹ̀, ọ̀kan pupa tí wọ́n kọ súpà sí lára, ọ̀kan funfun tí gbogbo ayé ń rà, ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ẹnu bọ̀, wọn ò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta síra lọ. Mo bi ara mi pé bí ènìyàn bá ju korobá méjì sínú kànga kan, ṣé omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò fà jáde? Mo ní orúkọ ni wọ́n ń tà fún olówó. Mo ra ti pọ́ǹpù funfun, mo sì dúpẹ́ pé ojú mi là.

Ọjọ́ kìíní, ẹ́ńjìnnì ṣe bẹbẹ. Ẹ̀gẹ́ Ìbílọlá ìyàwó Wàhábì, tó máa ń gbà wá di ìrọ̀lẹ́, a lọ ọ́ tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn obìnrin ní kí Ọlọ́run fi irú ọmọ báyìí ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bí ẹ̀gẹ́ bá ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á máa dún kọ́kọ́kọ́ nínú, bí ẹni ń fi òkúta gbá ìdí ìkòkò irin, ara rẹ̀ á sì gbóná débi tí Ìbílọlá fi ní òun lè yan gàrí lórí rẹ̀. Mo jókòó, mo ronú. Ohun tí à ń fún ni, kò sì fún dáadáa ló ṣe ń pariwo. Ta ni a bí ní Ìgbó-Ọrà tí kò mọ ohun tí à ń ṣe sí ìyẹn? Bí àpò ẹ̀gẹ́ bá ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ kò tán, òkúta ni à ń fi kún un. Mo bá gbé òkúta méjì tí mo fi ń tẹ àpò, mo gbé wọn lé ẹ́ńjìnnì lórí, mo fi okùn dè wọ́n gbọingbọin. Mo ní bí ọmọ mi bá fún un dé mẹ́sàn-án ní Èkó, kí n bá a fún un dé mẹ́wàá nílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó tú èéfín, ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Òkúta kò já bọ́. Ẹ̀gẹ́ obìnrin mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ tí a ti bó, o sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ẹnìkan. Wọ́n rù ú, ó di Ìdèrè, ọ̀dọ̀ Fọlábí tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá. Ìbílọlá nìkan ló dúró tì mí. Àyà mi já, n kò purọ́ fún ọ. Ẹ́ńjìnnì yìí la fi ń rán Rùkáyàt níléèwé, òun la fi ń jẹun, bí mo bá sì yọ ẹ̀yin ọmọ kúrò, òun nìkan ni ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ tó ṣì ń mí.

Mo ránṣẹ́ pe Gbénró mẹkáníìkì. Ó gbé òkúta kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná díẹ̀ kó tó padà wá. Ó ní òkúta ò ràn án lọ́wọ́, kò sì pa á lára, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó ní táńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé epo, pé epo tí mo rà kò lè fara da fífún tó tó báyẹn, á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, á sì máa gbá písítìn lórí bó ṣe ń gòkè bọ̀, pé ariwo tí mo gbọ́ nìyẹn. Ó yọ písítìn fi hàn mí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ bí iṣu tí eku gé jẹ. Ó ní bó bá ṣe ọjọ́ méjì sí i, yóò lu, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Mo bi í léèrè ohun tí a ó ṣe. Ó ní ọ̀nà méjì péré ló wà, kí a tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe tàbí kí a dín fífún rẹ̀ kù. Súpà ò sì sí ní Èrúwà láti ìgbà Ààwẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Ó bá ha ẹ̀gbẹ́ písítìn kó dán, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn sábẹ́ orí tí o rán wá, kí àyè inú rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, ó ní yóò tó agolo méje sí ẹyọ kan báyìí. Epo pọ́ǹpù funfun náà ló ń mu, kò dún mọ́, ara rẹ̀ kò gbóná. Kò yá tó ti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ó ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin náà ti padà, Ìbílọlá sì ń fi ẹnu rán wọn létí lójoojúmọ́ pé wọ́n sá lọ sí Ìdèrè.

Akínladé yà síbí ní Jímọ̀ tó kọjá, Gbénró ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun dé ṣọ́ọ̀bù yín. Ó ní ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, pé bí tìyẹn bá parí, o tún ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, pé búrẹ́dì àti omi ẹ̀rọ ni òun bá lọ́wọ́ rẹ lọ́sàn-án, pé ọrùn rẹ ti gùn. Ó ní nígbà tí òun kí ọ, ikọ́ ò jẹ́ kí o dáhùn. Mo ní kó hú u kí n gbọ́ bó ṣe rí. Ó hú u. Gbénró gbé sípánà sílẹ̀, ó wò mí.

Mùkáílà, ta ló ha orí tìrẹ? Inú mi bàjẹ́, n kò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà. Owó tí o ní o ó máa fi ránṣẹ́ fún súpà, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi ra ẹran, fi ra ẹ̀wà, kí o sì jẹ ẹ́ lójú ẹlẹ́rìí, Akínladé yóò wá wò ọ́. Ṣọ́ọ̀bù kejì, fi sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún Gbénró, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kí o sì fi owó ìwé àti bírò tèmi sí i, nítorí Tíṣà ní mo ń fi lẹ́tà kan jẹ odindi ìwé.

Agbára tí Ọlọ́run yóò fún ọ kò ní jẹ ọ́ tán. O ò ní fi ẹ̀mí ra owó. Ọjọ́ alẹ́ rẹ yóò dára. A ti ṣí àyè fún ẹ́ńjìnnì, ó ti ń mí. Ìwọ ni n kò lè ti ibí ṣí àyè fún, àfi kí o wá sílé, kí o jókòó, kí n fún ọ lóúnjẹ.

Èmi ìyá rẹ,
Hàlímọ̀.