Pépà Kẹrìnlá

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejì, 2026

Ìgbìmọ̀ ìgbéga bèèrè gbogbo pépà tí mo ti tẹ̀ jáde. Mo kà wọ́n sórí tábìlì nílé wa ní Bẹyẹrúnkà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àrùn ọkàn àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù. Ìyókù dá lórí àwọn àrùn tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í jẹ́ kí ara lo oúnjẹ bó ṣe yẹ. Àgbà Ìwé — ọ̀gá mi, tó kọ́ mi níṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn — ní kí n fi ìkẹrìnlá síwájú. Ó ní pépà yẹn ló máa sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìkẹrìnlá: ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọkùnrin méjì kú, ọkàn wọn wú. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ṣẹ́ kù ló sọ ìdí rẹ̀ fún wa: ara wọn kò lè lo ọ̀rá. Tí ebi bá ti pa wọ́n pẹ́, ọkàn á dáṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà. Wọ́n ti kú ká tó mọ̀. Ọmọ kẹta, Karimat, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà: a yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní in. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo tún un kà. Ọmọ mẹ́jọ la gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Méje ló wà nínú àtẹ.

Alàmísì, 12

Jemima tó ń tọ́jú láàbù bá mi wá rẹ́jísítà 2019 jáde. Ọmọ kẹjọ wà níbẹ̀: ọmọ aládùúgbò wọn, tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kí a lè fi ṣe ìfiwéra. Èsì rẹ̀ burú. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń sáré kiri àgbàlá! Mo rántí wàyí. Mo ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, mo yọ ọ́ kúrò. Mò ń kánjú.

Jemima wo nọ́ńbà ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti Karimat. Wọ́n tẹ̀léra. Ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ ò rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn?"

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Karimat ló ni èsì burúkú yẹn.

Jímọ̀, 13

Mo sọ fún Àgbà Ìwé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, kí n panu mọ́ dìgbà náà. Pé ọmọ náà á ti pé ọdún mẹ́wàá; tó bá máa kú ni, ì bá ti kú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ò ní rọ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ni mo ń dúpẹ́ fún?

Àìkú, 15

Nọ́ńbà ìyá Karimat kò lọ mọ́. Waliyat lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹlòmíràn ló ń gbé inú ilé náà. Ìyá àgbàlagbà kan ní wọ́n ti kó lọ sí Yemetu, ọdún kẹta rèé. Ibo ní Yemetu? Kò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Yemetu lẹ́ẹ̀mejì láti àná. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́rú, 18

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mò ń gun òkè Mápó lọ́sàn-án, ẹnu mi gbẹ — àfi bí ẹni pé wọ́n gbá mi lójú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Irú wọn gan-an ló ń kọ́ ààwẹ̀.

Alàmísì, 19

Mo rí wọn. Obìnrin kan tó ń ta òwú ìránṣọ ló júwe ṣọ́ọ̀bù Waliyat. Waliyat dìde, ó dì mọ́ mi. "Dókítà wa! Ẹ wá wo ọmọ yín. Àná ló bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, kò já a rárá. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, mo ní kó lọ sùn."

Orí ẹní ló wà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo pè é. Ó lajú, ó tún pa á dé. Òógùn tútù. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀: ọkàn náà ń sáré, ó ń kọsẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣúgà àti omi. Waliyat di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ó ku wákàtí méjì péré. Ó fẹ́ parí ẹ̀ ni."

"Ìyá Karimat, tí a bá dúró de ìṣínu, ẹ ò ní bá a láyé."

Ó wo ojú mi. Ó sáré lọ bu ṣúgà. Mo pò ó mọ́ omi, mò ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Mò ń ka èémí rẹ̀ títí a fi dé.

Jímọ̀, 20

Ọkàn rẹ̀ wú, bíi tàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti jí. Èmi fúnra mi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò lójú ìyá rẹ̀. Oògùn ń bọ̀ láti Èkó.

Sátidé, 21

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Waliyat. Ìgò tó pààrọ̀. Èsì tí mo yọ.

Kò pariwo. Ó ní Karimat ṣubú nílé kéú lọ́dún tó kọjá. Òun gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, òun sì dárúkọ mi. Dókítà náà ṣí fóònù, ó rí pépà mi, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti yẹ ọmọ náà wò, kò ní in. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

"Mo ṣàdúà fún yín lọ́jọ́ náà," ni Waliyat wí.

Ọjọ́ Ajé, 23

Oògùn dé. Karimat ti mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní yóò yè. Ọkàn náà ni wọn ò tíì mọ bó ṣe máa rí.

Mo kọ lẹ́tà sí jọ́nà tó tẹ ìkẹrìnlá jáde pé kí wọ́n fà á yọ, mo sì kọ sí ìgbìmọ̀. Àgbà Ìwé kò gbé fóònù mi. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo túmọ̀ rẹ̀ fún Waliyat. Ọmọ kìn-ín-ní. Ọmọ kejì. Ó dá mi dúró.

"Wọ́n lórúkọ."

Muhydeen. Abdulmumin. Ó ní kí n kọ wọ́n síbẹ̀. Mo kọ wọ́n. Mo fi ránṣẹ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn ni kó máa wo ọmọ mi láti òní lọ."

Mo dìde. Karimat juwọ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ rọra fa ọwọ́ náà wálẹ̀.