Sàúdátù, Ìwé Tí Mo Kọ̀ Láti Bá Ọ Tẹ̀

Sàúdátù ọmọ mi, ọdún márùn-ún rèé tí a sin ọ́. Ọdún márùn-ún! Èmi Yẹ̀kínnì, bàbá rẹ, ni mo ń kọ èyí, èmi tó yẹ kí o sin.

Gbogbo Mushin ló mọ̀ ọ́ sí olùkọ́ òfin ní yunifásítì Akoka. Èmi ní tèmi, ilé ìtẹ̀wé ní Ìlúpéjú ni mo ti ń to lẹ́tà òjé jọ kí wọ́n tó fi tẹ ìwé. Bí mo bá ń rìn lọ ládùúgbò nígbà náà, bí ẹni tó joyè ni!

Ọdún 1970 ni wọ́n wó ilé Oyèníran, aládùúgbò wa, láti fi fẹ títì. Ìyàwó rẹ̀ ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí katapílà dé. O ti Akoka dé, o dúró síwájú àlàpà náà, o bi mí pé, "Bàbá, ta ló pè wọ́n láti gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó wó o?"

Mo ní, "Ìjọba ni. Ta ní í bá ìjọba wí?"

O ní, "Òfin ni, Bàbá. Òfin ló yẹ kó bá a wí."

Láti ọjọ́ náà lo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ, lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ìjọba fẹ́ gba ilé rẹ̀. O ò ní kí ìjọba má la títì. O ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe onílé, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Ní 1972, o gbé e wá pé kí n bá ọ tò ó. Mo kọ̀. Àwọn ṣọ́jà ló wà lórí àlééfà, ẹ̀rù sì bà mí pé wọn yóò gbé ọ. Mo kọ̀, Sàúdátù! O ò bá mi jà. O kàn ní, "Kò burú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ibà pọ́njú dá ọ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré!

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ, Kọ́lápọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, gbé ìwé náà wá bá mi. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tò ó, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá mi, kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì rẹ jinlẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò yé mi. Àfi bí mo ṣe dé ibì kan tí mo bá Yorùbá pàdé: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nígbà tí ìwọ àti Àṣàbí àbúrò rẹ bá ń jà nílé. O fi í sínú ìwé òfin! Mo forí lé tábìlì, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní 1975, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri tiwa náà. Kọ́lápọ̀ ti di lọ́yà. Ìwé rẹ ló gbé lọ sí kóòtù. Adájọ́ kà á, ó ní wọn ò gbọdọ̀ wó ilé kankan títí wọn yóò fi pe gbogbo onílé. Wọ́n pè wá! Mo dìde níwájú wọn, mo ní yàrá kan wà nílé mi tí ọmọ mi ti kàwé di ọ̀mọ̀wé. Akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé méjìlélógún ni wọ́n fẹ́ wó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ wa tán, mẹ́rin ni wọ́n wó. Tiwa wà nínú mẹ́rin náà.

Ṣùgbọ́n wọ́n fún wa lóṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ara wa la fi kó ẹrù wa jáde, a kó àwọn ìwé rẹ, a dágbére fún yàrá rẹ. Surulere la wà báyìí.

Àṣàbí ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Tejuoso, ó sì bí obìnrin lọ́dún tó kọjá. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Sàúdátù. Làbákẹ́ ìyá rẹ fàáké kọ́rí. Ó ní, "Ẹ má tíì fún ẹlòmíì. Mo ṣì ń fi pe ẹni tó ni ín."

Àwọn èèyàn ń kí mi nítorí ìwé náà, wọ́n ní mo bímọ. Wọn ò mọ̀ pé ká ní mo gbà á lọ́jọ́ tí o gbé e wá, ò bá fojú ara rẹ rí i. Foríjì mí, ọmọ mi.

Láyé tiwa, bàbá kì í wí fún ọmọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó wí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ, Sàúdátù. Kí Ọlọ́run tẹ́ ọ sí Àlùjáńnà. Ilẹ̀ kan kì í mọ́ kí àárò rẹ má sọ mí.