Ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Òrí Ra

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, tí ẹ pọ̀n dàgbà, ti bímọ. Ara ọmọ náà le koko. Ìyàwó àbúrò mi ló ń fún un lọ́mú. Àbẹ̀kẹ́ gan-an ni kò gbádùn. Lẹ́yìn ìbímọ ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń dán, ó sì gbóná.

Mo bẹ dókítà òyìnbó kan tó bá rélùwéè kọjá. Ó wá, tòun ti ògbufọ̀ rẹ̀. Kọ́là ọrùn ẹ̀wù ògbufọ̀ náà le débi pé kò lè wo ilẹ̀ níbi tí aláìsàn wà. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Òyìnbó pe orúkọ àrùn náà, ó gùn bí oríkì ọba. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí: ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan tó jìn sínú ẹsẹ̀, bí ògì ṣe ń dì. Kí ó dùbúlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, kí a fi òwú wé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á, torí bí èyí tó dì bá já, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí èémí. Oògùn wá ńkọ́? Kò sí. Mo rò pé ẹni tó mọ irú orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ yóò ní àgúnmu díẹ̀ lápò.

Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo agbo ilé yìí pé omi gbígbóná àti òrí ni oògùn ẹsẹ̀ ọlọ́mọ tó bá wú. Ẹ máa ń yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó kọ́kọ́ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kí ẹ mọ bó ṣe gbóná tó. Ìyàwó Àjàní tó ṣubú lulẹ̀, tó sì kú, lẹ́yìn tí ẹ wẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì ra ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo wa ní ayé ló ṣe é, ṣé ẹ rántí rẹ̀? N kò fi dá yín lẹ́bi. Mo kàn ń bèèrè ni.

Àbúrò yín, Ìyá Alájùẹ, gbé igbá òrí dé. Mo dí ẹnu ọ̀nà.

“Tíṣà, ṣé ìwé ló bí ẹ ni? Irú ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́ lo ń lé sẹ́yìn yìí.”

Èmi tí n kò lè lé ọmọ ilé ìwé kúrò nídìí máńgòrò, mo wá di ẹ̀ṣọ́ ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ òní, èémí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, Ìyá. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe la ṣe, ẹ̀jẹ̀ tó dì sì já náà. Ta ni kí n bá bínú?

Ó ní òun fẹ́ rí Ìyá Alájùẹ. Mo dìde lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọn kò bú mi. Wọ́n jókòó, wọ́n bu òrí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Wọn kò tilẹ̀ wo òsì. Àbẹ̀kẹ́ dijú. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń kúrú sí i.

Ẹ má tètè wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu bodè ọ̀run, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ẹsẹ̀ náà tán ná.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.