Eérú Tí Mo Dà Sídìí Àjàrà

Òpópónà Ọgbà Àjàrà,
Aquileia,
Ítálì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2021.

Ermes, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti Nives wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti lè rìn dé ọgbà ọsàn rẹ báyìí? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí onírun pupa? Ara tèmi le, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì àti oorun tí kò dùn mọ́. Kùrukùru ti dé láti ojú ọ̀sà, ó sì ti bo àwọn òpó òkúta ará Róòmù dé ọrùn, bó ṣe máa ń rí nígbà tí à ń gba ibẹ̀ lọ iléèwé.

Ìgò yẹn ti padà wálé. Ìgò aláwọ̀ ewé tí ohun ìtúlẹ̀ wa hú jáde nínú oko bàbá mi lọ́dún 1961, tí egungun jíjó òkú àtijọ́ kún inú rẹ̀. Ìwọ lo ní ká bò ó padà. O da wáìnì tí o gbé wá soko lé e lórí, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe fún ohunkóhun tí wọ́n bá kàn nínú ilẹ̀, o sì lọ sílé. Nílé oníṣòwò kan tó kú ní Trieste ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì gbé e sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo lọ wò ó ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi Onorina, ọmọ Tarcisio alágbẹ̀dẹ, tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́! Ọjọ́ wo lẹ ti ń gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá tí ẹ kì í yà? Àbí àwọn òkúta yìí ti wá di ẹgbẹ́ yín?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dún padà láàárín àwọn orí òkúta tí kò nímú.

Ìgò náà wà nínú àpótí dígí, ó ṣófo. Onorina nawọ́ sí ìkùukùu kékeré kan lára rẹ̀, láti inú. "Ẹ wò ó, bí ìgbà téèyàn mí sí dígí. A nù ún láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán, ó ti padà. Ọ̀gá wa ní ọ̀rinrin ni. Kó wá jókòó níbí lóun nìkan ná, ká wá gbọ́ orúkọ tó máa pè é!"

Ó ka ohun tí wọ́n fín sára ìdérí òjé fún mi: Vibia, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Ilé rẹ̀ la rí, Olùkọ́. Onílé la ò rí. Ta ló mọ ibi tí ìkà yẹn dà á sí?"

Èmi mọ̀. Mo dà á sídìí àjàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Eérú egungun dára fún àjàrà, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Ohun tí mo rò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjàrà náà so ju gbogbo ìyókù lọ. Bí a bá gé ẹ̀ka wọn lóṣù Kejì, oje ìyókù á dá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tirẹ̀ á máa kán títí wọ oṣù Kẹta. Bàbá mi a máa ní, "Èyí ń sunkún bí ọmọdé." Ọgọ́ta ọdún la fi mu wáìnì rẹ̀. Òun ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ. Bí ìgò wáìnì náà kan bá ṣẹ́ kù, ẹ má mu ún.

O mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo ta ìgò náà. Ohun tí o kò mọ̀ ni ẹni tó padà lọ hú u, tó tà á, tó sì dárúkọ rẹ fún ọlọ́pàá. Èmi ni. Wọn kò rí ẹ̀rí mú ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú sọ ọ́ di Ermes Olè Ibojì. Ìyá rẹ kúrò ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ ń jókòó sẹ́yìn. Ìwọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà, o kò sì lè wá sin ín. Ní gbogbo Kérésìmesì lo ń kọ̀wé dúpẹ́ pé èmi nìkan ni kò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún ọgọ́ta, èmi ni mo sì ń lé e sáré síwájú.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ Onorina. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò yìí? Àwọn ọmọ iléèwé máa kà á." Mo ní ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kò bá mi ṣeré mọ́. "Títí bàbá mi fi kú, Ermes lolè lẹ́nu rẹ̀. Ẹ máa lọ sílé."

Ní Ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé àkójọ náà wá gbẹ́ ìdí àjàrà náà. Gbòǹgbò nìkan ni wọ́n bá, ó wé mọ́ra wọn bí irun tí a dì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ibo ni ọmọ náà parí sí, ibo sì ni igi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ọtí nírọ̀lẹ́, Egidio gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ wo Olùkọ́ wa o! Àwa là ń tutọ́ bí wọ́n bá dárúkọ Ermes!" Kò sẹ́ni tó bá a wí, ó sì tọ́.

Má fi ìdáríjì ránṣẹ́ sí mi nítorí àánú arúgbó. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o wálé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì lè gbé ọ, nítorí kò sí ẹni tó lè pè ọ́ lólè níbí mọ́. Bá mi kí Nives àti àwọn ọmọ. Sọ òtítọ́ fún wọn kí o tó jíṣẹ́ ìkíni mi.

Láàárọ̀ òní, mo lọ sí ibojì ìyá rẹ. Àwọn obìnrin mẹ́rin ń tún òdòdó ṣe nítòsí. Mo ka ìwé tí mo fọwọ́ sí náà fún ìyá rẹ láti òkè délẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè kí àwọn yẹn lè gbọ́. Bí o bá wá, o kò ní láti kí mi.

Èmi ni, ẹni tí o ń pè lọ́rẹ̀ẹ́,
Duilio.